Mo fẹ́ mọ̀ bóyá kẹ́ẹ̀gì omi àti ọṣẹ ló mú kí olóúnjẹ máa fọwọ́: irú ìwádìí wo ni kí n ṣe?

Nọ́ọ̀sì Agodi:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà kí n tó gbé ètò ìwádìí mi kalẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé kan nígboro Ìbàdàn, mo sì ń kàwé kún ìwé. Ọwọ́ àwọn ìyá olóúnjẹ ló ń jẹ mí lọ́kàn. Ìyá á gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, á ka ṣéńjì, ọwọ́ kan náà ló tún máa fi mú ẹran sínú àbùlà. Lásìkò òjò tó kọjá, èmi ni mo ń fa omi sí àwọn ọmọdé lára nítorí ìgbẹ́ gbuuru, mo sì ń bi àwọn ìyá wọn léèrè ibi tí wọ́n ti ra oúnjẹ. Mo pinnu pé mi ò ní jókòó sílé ìwòsàn kí n máa retí wọn mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nìyí. Màá gbé kẹ́ẹ̀gì omi tó ní ẹ̀rọ kékeré nídìí fún olóúnjẹ 12, màá fi okùn so ọṣẹ mọ́ ọn, màá kun àmì ẹsẹ̀ pupa sílẹ̀ láti ibi tí wọ́n ti ń gbowó títí dé ìdí kẹ́ẹ̀gì, a ó sì yan ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ wọn tí yóò máa rán wọn létí. Mo ti lọ wo olóúnjẹ 21, mo sì mú àwọn 12 tí ọwọ́ wọn dọ̀tí jù. Mẹ́rin nínú wọn wà pa pọ̀ lọ́jà Bódìjà, àwọn yòókù wà ní Mọ́kọ́lá, Òjé, Ọjà Ọba, Sángo àti Apátá.

Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kí n ka bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ lọ́jọ́ kan kí kẹ́ẹ̀gì tó dé, kí n tún kà á lẹ́yìn oṣù méjì, kí n fi wé ara wọn. Ọ̀rẹ́ mi kan ní bí mi ò bá ti ṣẹ́ gègé láti pín wọn sí ọ̀nà méjì, kí apá kan gba kẹ́ẹ̀gì, kí apá kejì má gbà, kò sẹ́ni tó máa ka iṣẹ́ náà sí. Oṣù mẹ́rin péré ni mo ní, owó ọwọ́ mi ò sì lè ra ju kẹ́ẹ̀gì 12 lọ. Ìmọ̀ràn ta ni kí n tẹ̀ lé?

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá:

Nọ́ọ̀sì, ẹ tẹ̀ lé olùkọ́ yín. Ṣáájú àti lẹ́yìn ti tó, òun lèmi náà fi gba ìwé-ẹ̀rí tèmi. Kí ẹ sáà ti rí i pé iye tí ẹ kà pọ̀ dáadáa, kí ẹ sì bi àwọn olóúnjẹ náà nígbẹ̀yìn bóyá ètò yìí ràn wọ́n lọ́wọ́. Bí wọ́n bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ó parí.

Tísà Sángo:

Nọ́ọ̀sì, ọmọ mi, o kú ìtọ́jú wa. Ọ̀rọ̀ Bọ̀dá dùn ún gbọ́, ó sì rọrùn, àmọ́ mi ò lè fi ọ́ sílẹ̀ síbẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ.

Ọdún 23 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ tí ẹ̀kọ́ ń ni lára nílùú yìí kí n tó fẹ̀yìn tì. Lọ́dún kẹrin mi, ọmọkùnrin ọmọ ọdún mẹ́jọ kan wà ní kíláàsì mi tí kì í lè jókòó. Mo máa ń kó òkúta wẹ́wẹ́ sápò ọ̀tún. Bó bá ti dìde, màá mú ọ̀kan lọ sápò òsì. Láàárín ogójì ìṣẹ́jú, ó lè dìde nígbà 16, ó lè tó 20. Ni mo bá gé páálí ní ìràwọ̀. Bó bá jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ó gba ìràwọ̀ kan. Bí ìràwọ̀ bá pé mẹ́rin, òun ló máa lu aago ìsinmi. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó pé, ìdìde rẹ̀ ti di mẹ́ta. Mo kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀gá ilé-ìwé kà á sétí àwọn òbí, wọ́n sì ní kí gbogbo kíláàsì máa fún ọmọ ní ìràwọ̀.

Sáà tó tẹ̀ lé e, ìràwọ̀ ò ran ọmọ kankan mọ́. Mo jókòó lálẹ́ ọjọ́ kan, mo ka ìwé àkọsílẹ̀ mi láti òkè délẹ̀, mo wá rí i. Ọjọ́ Ajé tí mo bẹ̀rẹ̀ ìràwọ̀ gan-an ni ẹni tó ń ràn mí lọ́wọ́ gbé àga ọmọ yẹn kúrò lẹ́nu ọ̀nà lọ sí ìdí ògiri. Ẹnu ọ̀nà yẹn sì ni ìyá alákàrà máa ń gbà kọjá láàárọ̀, tó ń polówó. Àkàrà ló ń gbé ọmọ náà dìde. Iṣẹ́ tí àga ṣe ni mo fi yin ìràwọ̀. Àwọn ọmọ tó nílò nǹkan mìíràn ti lo sáà kan gbáko lórí ohun tí kò lè ràn wọ́n, sáà kan láyé ọmọ ọdún mẹ́jọ kì í sì í ṣe kékeré. Ó ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí o tó béèrè irú ìwádìí tí wàá ṣe, kọ́kọ́ béèrè pé: kí ni nǹkan mìíràn tó lè dé lásìkò kan náà pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì mi, tó sì lè ṣe iṣẹ́ tí mo máa fi yin kẹ́ẹ̀gì? Ní Ìbàdàn tiwa yìí, wọ́n pọ̀. Wolé-wolé lè ya wọ ọjà lọ́jọ́ kejì tí o gbé kẹ́ẹ̀gì dé. Ààwẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀, kí oníbàárà ọ̀sán dín kù, kí ọwọ́ ìyá olóúnjẹ sì dilẹ̀ tó láti fọ̀. Ẹ̀rọ omi àdúgbò lè bàjẹ́. Ṣé o rántí ọdún 2014? Láti oṣù keje tí Ebola ti wọ Èkó ni bọ́kẹ́ẹ̀tì ti wà lẹ́nu ọ̀nà báńkì àti ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò mi. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹwàá, WHO, àjọ ìlera àgbáyé, kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ Ebola, mo sì rí i bí bọ́kẹ́ẹ̀tì wọ̀nyẹn ṣe ń gbẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ká ní ẹnì kan bẹ̀rẹ̀ irú ètò rẹ yìí ní oṣù kẹjọ ọdún náà, tó kà ṣáájú, tó kà lẹ́yìn, ohun tó máa kọ ni pé kẹ́ẹ̀gì òun ló fọ gbogbo ọwọ́ Ìbàdàn.

Ohun tó là mí lójú ni ohun tí àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá mẹ́ta, Baer, Wolf àti Risley, kọ lọ́dún 1968, nígbà tí ìwé ìwádìí Journal of Applied Behavior Analysis ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n là sílẹ̀ fún ẹni tó ní èèyàn díẹ̀ lọ́wọ́. Èkíní ni pé kí o ka ìwà náà lọ́pọ̀ ọjọ́ láìṣe nǹkan kan, kí o mú ìrànwọ́ rẹ dé, kí o yọ ọ́, kí o sì dá a padà. Bí ìwà náà bá ń lọ tó ń bọ̀ pẹ̀lú ìrànwọ́ náà, ẹ̀rí rẹ lágbára. Bí mo bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ mi yẹn, ọjọ́ tí mo yọ ìràwọ̀ tó ṣì jókòó jẹ́ẹ́ ni ǹ bá ti mọ̀ pé ìràwọ̀ kọ́. Ọ̀nà yìí ní ibi tí kò gbà. Ọmọ tó ti mọ̀ ọ́n kà, o ò lè gba ìwé kíkà padà lórí rẹ̀. Ọmọ tó ń forí gbá ògiri tó wá jáwọ́, ìkà ni kí o ní kó tún bẹ̀rẹ̀ nítorí kí o lè ní ẹ̀rí.

Èkejì ni wọ́n ń pè ní multiple baseline. O ò ní yọ nǹkan kan. O máa mú ìrànwọ́ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, o sì máa ka gbogbo wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá jẹ́ ohun mìíràn ló ń yí wọn padà, gbogbo wọn á yí lọ́jọ́ kan náà. Bó bá jẹ́ tìrẹ ni, oníkálùkù á dúró de ọjọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà yìí ni mo fi ṣiṣẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì rò pé òun ló bá kẹ́ẹ̀gì rẹ mu.

Bí olùkọ́ rẹ bá wá kọ̀ jálẹ̀ pé ṣáájú àti lẹ́yìn lòun fẹ́, ó kéré tán, má ṣe ka ọjọ́ kan ṣoṣo. Ka ọjọ́ mẹ́wàá kó tó dé, kí o ka mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, kí o lè rí bóyá ìwà náà ti ń gòkè bọ̀ fúnra rẹ̀ kí o tó débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Agodi:

Ẹ ṣeun gan-an, Màmá. Mo ka ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn lẹ́ẹ̀mejì. Ti gbígba kẹ́ẹ̀gì padà, mi ò lè ṣe é. Kí n gbé ohun tó ń dáàbò bo ọmọ ọlọ́mọ kalẹ̀, kí n tún wá gbé e kúrò nítorí ìwé mi? Mi ò ní lè sùn. Ti ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀ mí lọ́kàn.

Ti gègé tí ọ̀rẹ́ mi sọ wá ńkọ́? Mo sì rò ó pé bí mo bá ka ìgbà 50 lọ́dọ̀ olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan, 600 ni, ìyẹn ò tíì tó ni?

Oníṣirò Apátá:

Màmá ti sọ èyí tó le jù nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ìṣirò kún un, torí iṣẹ́ oòjọ́ mi ni.

Nọ́ọ̀sì, 600 yẹn kì í ṣe 600. Ẹni tó bá bu ṣíbí 50 nínú ìkòkò gbẹ̀gìrì kan ti mọ ìkòkò yẹn dáadáa, àmọ́ ìkòkò kan náà ló tọ́ wò. Olóúnjẹ lẹ ń yí padà, olóúnjẹ lẹ máa kà: 12 péré lẹ ní. Ti Bódìjà tún dín in kù, torí àwọn mẹ́rin tó wà pa pọ̀ yẹn ń wo ara wọn. Ọjọ́ tí kẹ́ẹ̀gì bá dé ọ̀dọ̀ ìkíní, ìkejì ti ń fọwọ́ kí tirẹ̀ tó dé. Ẹ mú ẹyọ kan níbẹ̀, kí ẹ mú mẹ́ta mìíràn láti inú àwọn mẹ́sàn-án tí ẹ fi sílẹ̀, níbi tó jìnnà síra.

Èyí tó bà mí lẹ́rù jù nínú ètò yín ni pé àwọn tí ọwọ́ wọn dọ̀tí jù lẹ mú. Ọjọ́ tí ẹ lọ wò wọ́n, ó lè jẹ́ pé omi tán nílé ẹlòmíràn lọ́jọ́ yẹn ni, tàbí pé ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ò wá. Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ kẹta láìmú nǹkan kan dání, ẹ máa rí i pé ọwọ́ wọn ti mọ́ díẹ̀ sí i. Ohun tí ẹ bá mú ní ibi tó burú jù kì í pẹ́ fà padà sí bó ṣe máa ń rí. Ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, ìjàǹbá ọkọ̀ pa èèyàn 324 lọ́dún 1955. Gómìnà wọn gbé òfin líle lé àwọn tó ń sáré jù lórí. Lọ́dún 1956, iye náà di 284, gómìnà sì sọ pé òfin òun ló gba èèyàn 40 là. Lọ́dún 1968, àwọn olùwádìí méjì, Campbell àti Ross, to iye àwọn ọdún tó ṣáájú kalẹ̀, wọ́n tún wo ti àwọn ìpínlẹ̀ tó múlé gbè é. Ọdún 1955 yẹn ti burú ju bó ṣe máa ń rí lọ. Ó ṣeé ṣe kí iye náà wálẹ̀ láìsí òfin kankan. Ṣáájú àti lẹ́yìn nìkan ni gómìnà wò.

Ní ti gègé, ọ̀rẹ́ yín ò ṣìnà, àmọ́ kò di dandan kí ẹnikẹ́ni pàdánù kẹ́ẹ̀gì. Ẹ ṣẹ́ gègé lórí ẹni tó máa kọ́kọ́ gbà. Bí wọ́n ṣe ṣe é ní Gambia nìyẹn láti ọdún 1986 pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B, àrùn tó ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́: wọn ò lè gbé e dé gbogbo orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀kan náà, ni wọ́n bá ń mú un wọ àgbègbè kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n sì jẹ́ kí gègé yan èyí tó máa ṣáájú. Stepped wedge lorúkọ rẹ̀ lónìí. Ìbátan ohun tí Màmá ń ṣe ni, gègé ló wọ àárín.

Ẹ pín 12 sí ẹgbẹ́ mẹ́rin, mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, kíkà nìkan, kò sí kẹ́ẹ̀gì níbì kankan. Ìdọ̀tí tó fẹ́ fà padà fúnra rẹ̀ á ti fà padà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ kan wọlé ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ọ̀sẹ̀ 15 ni gbogbo rẹ̀, ó bọ́ sínú oṣù mẹ́rin yín. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín yan ẹni tó máa ṣáájú, torí ọ̀dọ̀ ìyá tó ń rẹ́rìn-ín sí yín lẹ máa kọ́kọ́ lọ. Ẹ ká bébà sínú igbá, kí àwọn fúnra wọn mú un lójú gbogbo ayé.

Tísà Sángo:

Oníṣirò, o káre. Ibì kan ni mo ti fẹ́ fà ọ́ sẹ́yìn díẹ̀: má jẹ́ kí ó kó gbogbo rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà kó tó wò ó. Nọ́ọ̀sì, ya ìlà olóúnjẹ kọ̀ọ̀kan sórí bébà gíráàfù, 12 lórí ara wọn, kí o fi bírò pupa sàmì ọjọ́ tí kẹ́ẹ̀gì dé. Ìyá kan lè wà níbẹ̀ tí nǹkan kan ò yí padà lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí o bá da gbogbo wọn pọ̀ mọ́ ìṣirò nìkan, ìyá yẹn á pòórá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló yẹ kí o lọ jókòó tì.

Bọ̀dá ní kí o bi wọ́n bóyá ó ràn wọ́n lọ́wọ́. Bi wọ́n, torí ó yẹ kí o gbọ́ tẹnu wọn, ṣùgbọ́n má fi ṣe ẹ̀rí. Ní Cambridge àti Somerville, ní Massachusetts, láti ọdún 1939, wọ́n mú ọmọkùnrin tó lé ní 500, wọ́n so wọ́n ní méjì-méjì bí wọ́n ṣe jọra, wọ́n sì ju owó ẹyọ láti mọ ẹni tí wọ́n máa ràn lọ́wọ́ nínú àwọn méjèèjì. Ìrànwọ́ náà lọ títí di 1945: àbẹ̀wò, ẹ̀kọ́, ìtọ́jú, ibùdó ìsinmi. Lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, olùwádìí kan, Joan McCord, wá wọn kàn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ sọ tọkàntọkàn pé ètò náà ṣe àwọn lóore. Ìwé àkọsílẹ̀ sọ nǹkan mìíràn: àwọn gan-an ni nǹkan burú fún ju àwọn tí wọn ò fọwọ́ kàn lọ, nínú ọ̀ràn dídá léraléra àti nínú ọtí. Bí kò bá sí ti owó ẹyọ yẹn, wọn ì bá máa fi ètò náà yangàn títí dòní. Mo sunkún nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, torí èmi náà ti rẹ́rìn-ín gba ọpẹ́ àwọn òbí nítorí ìràwọ̀.

Ó wá ku kíkà. Bí o bá wọ aṣọ nọ́ọ̀sì lọ, ìyá olóúnjẹ á fọwọ́ títí ìgbọ̀nwọ́. Kọ ọ́ sínú ìwé tí wọ́n máa fọwọ́ sí pé ẹnì kan á máa wá wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lọ́jọ́ tí wọn ò mọ̀, kí o má baà tàn wọ́n, kí o sì gba àṣẹ ìgbìmọ̀ ẹ̀tọ́ ìwádìí ní Iléeṣẹ́ Ìlera ní Sẹkitéríàtì, Agodi, kí o tó bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà, rán ẹni tó máa ra oúnjẹ, tó máa jókòó jẹ ẹ́ bíi ti gbogbo èèyàn. Má ka iye ìgbà tí wọ́n fọwọ́ lásán, torí ọjọ́ Ẹtì tí èrò pọ̀ kò lè bá ọjọ́ Ajé dọ́gba. Ka iye ìgbà tí wọ́n fọwọ́ kan owó tí wọ́n sì fẹ́ fi kan oúnjẹ, kí o wá wo mélòó nínú rẹ̀ ni ọṣẹ ti dé ọwọ́ méjèèjì. Omi nìkan kọ́ ni fífọ̀. Lọ́jọ́ mélòó kan, kí ẹni méjì kà á lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láìwo ìwé ara wọn. Bí wọn ò bá bára mu tó ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ padà lọ tún ohun tí ẹ pè ní fífọwọ́ ṣàlàyé kí ẹ tó máa bá a lọ.

Wọn ọṣẹ pẹ̀lú. Wọ̀n ọ́n láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, wọ̀n ọ́n nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ọṣẹ ò mọ ìgbà tí ẹnikẹ́ni ń wo òun.

Bọ̀dá Mọ́kọ́lá:

Màmá, Oníṣirò, mo ti gba ọ̀rọ̀ mi padà. Nọ́ọ̀sì, mo ní òṣùwọ̀n kékeré kan nílé tó ń fi gíráàmù hàn, ẹ lè wá yá a.

Nọ́ọ̀sì Agodi:

Ẹ ṣeun, gbogbo yín. Màá wá gba òṣùwọ̀n náà lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Bọ̀dá.

Mo lọ sí Bódìjà lánàá, mo ṣàlàyé fún àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé ẹyọ kan péré ni mo lè mú níbẹ̀. Ìyá kan bínú díẹ̀. Mo ṣèlérí pé bí iṣẹ́ bá parí, màá wá bá a so tirẹ̀. Olùkọ́ mi ti gbà fún ọ̀sẹ̀ 15, nígbà tí mo fi Connecticut hàn án. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń yọ mí lẹ́nu: ìyá kan ní Òjé sọ pé bí gègé bá fi òun sẹ́yìn, òun á fowó ara òun ra kẹ́ẹ̀gì. Kí ni kí n ṣe sí ìyẹn?

Tísà Sángo:

Má dá a dúró o! Ṣebí kó lè máa fọwọ́ ni gbogbo wa ń wá. Kọ ọjọ́ tó rà á sílẹ̀, máa kà á bí o ṣe ń ka àwọn yòókù, kí o sì fi í sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ tí gègé fi í sí, títí ọjọ́ tó yẹ kí kẹ́ẹ̀gì tìrẹ dé. Bí o bá gbé e lọ sínú ẹgbẹ́ tó ti gbà, àwọn tó ní ìtara á kóra jọ sápá kan, wàá sì padà sídìí àga àti ìràwọ̀ tèmi. Wọ́n ti máa ń so irú kẹ́ẹ̀gì yẹn tà lọ́dọ̀ àwọn oníkẹ́ẹ̀gì l'Ọ́jà Ọba. Béèrè iye rẹ̀ kí o sọ fún un, kí wọ́n má baà tà á ní ọ̀wọ́n fún un.